Tábìlì àwọn Àgùdà, sódábì, àti ọwọ́ mi tó máa ń yá jù

Ìyá kan pè mí lórí fóònù ní ìparí oṣù kọkànlá lọ́dún tó kọjá lọ́hùn-ún, wọ́n ní ṣé èmi ni káfíńtà tó ń tún nǹkan àtijọ́ ṣe, mo ní èmi ni mà, wọ́n ní "Ọmọ mi, jọ̀ọ́ wá bá mi wo tábìlì kan, wọ́n ti da sódábì sí i lára." Sódábì yìí, ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ògógóró lẹ ń pè é. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, ẹ ó rò pé ọmọ ni wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ mà, mo ń bọ̀ lọ́la. Nínú ọkàn mi mo ti ṣírò ẹ̀ ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí.

Ẹni tí kò bá mọ Àjàṣẹ́ wa yìí, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo nínú ìwé, ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀. Àwọn Àgùdà pọ̀ níbí, ìyẹn ìran àwọn tó ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà wálé, àwọn ló kó irú ilé alájà tí wọ́n fi símẹ́ǹtì gbẹ́ òdòdó sókè fèrèsé wá, kódà mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ láàárín 1912 sí 1935, tó jẹ́ pé àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, àrà tiwọn ni wọ́n dá sí i lára. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí òrùlé ń jò, bí ògiri ń bó, ẹ ṣì máa bá tábìlì ńlá, bùfẹ́, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù abọ́, àti àga tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun ẹ̀yìn ẹ̀, tí wọ́n ti ń jogún bọ̀ láti ọwọ́ bàbá bàbá. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni mo fi ń jẹun báyìí. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ kan nǹkan tuntun mọ́.

Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn ni mò ń kàn, mo wá ra maṣíìnì tí wọ́n fi ń fá pákó, èyí tó ń yí gbirigbiri yẹn, mo rò pé ayé mi ti dáa nìyẹn. Bàbá kan gbé àga ìrókò méjì wá, àga bàbá tiwọn ni, wọ́n ní ibi tí èèyàn ń gbé apá lé ti ha, kí n kàn bá wọn kun ibẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ nìkan o. Èmi wò ó, mo ní kí lèèyàn ń fi ibi kékeré ṣe, mo tan maṣíìnì, kó tó di ọ̀sán mo ti fá gbogbo ẹ̀ dé ara igi, mo kun fáníìṣì tuntun sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dán gbinrin. Nígbà tí bàbá yẹn dé, wọ́n yí i po, wọ́n fọwọ́ pa ibi àgbápálé yẹn, wọ́n ní "Ó dáa." Wọ́n san owó pé, wọn ò tiẹ̀ ná an. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ ni wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní "Bàbá mi máa ń fi ìka kan gbá ibẹ̀ tí wọ́n bá ń gbọ́ rédíò, ó ti ní kòtò kékeré kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Mi ò gbádùn owó yẹn rárá. Wọn ì bá tiẹ̀ bú mi. Nǹkan tí mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn ni pé ìrókò tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó máa ń pọ́n rúsúrúsú ni, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búráùn yẹn díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, kò sì sí fáníìṣì kankan tó lè dá a padà bó ṣe wà. Àwọ̀ tí àga yẹn fi gbogbo ọjọ́ ayé bàbá kan kó jọ, èmi fi maṣíìnì fá a dànù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Maṣíìnì yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn ni mo ń fi ṣe, mi ò jẹ́ kó sún mọ́ nǹkan àgbà mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì. Nígbà tí mo débẹ̀ ìyá mú mi wọ pálọ̀, tábìlì tí èèyàn méjìlá lè jókòó sí, ẹsẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n yí bí okùn, dúrọ́ọ̀ méjì lábẹ́. Wọ́n ní láti Bùràsíìlì ni wọ́n ti gbé e wá nínú ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo tábìlì tó bá ti pẹ́ nílé Àgùdà, Bùràsíìlì náà ló máa ń ti wá. Mo dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo wo ibi tí wọn ò kùn, ọ̀gánwó tiwa níbí ni. Mo dákẹ́ jẹ́ẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè mí fún nìyẹn.

Orí ẹ̀ ni wàhálà wà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti fi rọ́bà bò ó, rọ́bà olódòdó tí wọ́n ń tà ní mítà mítà lọ́jà Ouando yẹn, nítorí kó má bàa ha. Ooru mú rọ́bà yẹn lẹ̀ mọ́ ọn, ìgbà tí wọ́n wá ká a nítorí àlejò ìsìnkú, òdòdó rọ́bà ti tẹ̀ sára tábìlì, ó dà bí ohun tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Lórí ìyẹn ni àwọn àlejò gbé sódábì lé, wọ́n dà á sílẹ̀, wọn ò nù ún, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ibi tí ó dà sí ti funfun, àárín ibẹ̀ ti rọ̀, ó ti wú, ó wá gbẹ bákan. Ìsàlẹ̀ ife ti ya òrùka funfun kiri. Òrùka dúdú kan tún wà ní igun, ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò òdòdó onírin lé. Àmì ọ̀bẹ. Ibi tí ọmọ kan ti fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù. Ìyá ní "Ṣé wàá fá gbogbo ẹ̀ ni?" Mo ní "Rárá o mà." Ó yá mi lẹ́nu débi pé wọ́n wò mí.

Ọ̀gá mi, tí Ọlọ́run ti pè báyìí, ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bí mi nínú nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá, wọ́n á ní "Wẹ̀ ẹ́ ná." Àga já, wẹ̀ ẹ́ ná. Fáníìṣì bó, wẹ̀ ẹ́ ná. Èmi rò pé nítorí kí n má bàa jókòó lásán ni wọ́n ṣe ń rán mi níṣẹ́. Àṣé kò sí ọ̀nà míì. Ìdọ̀tí ọwọ́, èéfín, òróró ẹja díndín, ìda, gbogbo ẹ̀ ló máa ń jókòó lórí kíkùn, tí ìwọ á rò pé kíkùn ló bàjẹ́. Mo po ọṣẹ díẹ̀ sómi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti aṣọ bọ̀ ọ́, mo fún un títí tó fi fẹ́ẹ̀ẹ́ gbẹ, mo ń nù ún níwọ̀n ibi tí àtẹ́lẹwọ́ mi tó, mo sì ń gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí omi àti irú kíkùn yẹn kì í ṣọ̀rẹ́. Nígbà tó gbẹ mo tún fi white spirit nù ún, ìyẹn ló ń kó òróró àti ìda, aṣọ tí mo fi nù ún dà bí èyí tí wọ́n fi sẹ́ kọfí. Ọjọ́ méjì gbáko. Nọ́ńbà fóònù yẹn bá a lọ, òdòdó rọ́bà náà rọ̀ ní ìdajì. Ìyá wọlé, wọ́n ní "Háà, o ti ṣe é tán?" Mi ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kpayo ṣe é o, bẹntiróò inú ìgò etí ọ̀nà yẹn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fi nu bùfẹ́ kan nígbà kan torí pé owó ẹ̀ ò pọ̀, oṣù kan gbáko ni ilé oníbàárà fi ń rùn bí ibi tí kẹ̀kẹ́nọ̀, ìyẹn ọlọ́kadà, ti ń ra epo. Ká má tiẹ̀ sọ ti iná.

Lẹ́yìn wíwẹ̀, kí èèyàn tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́dọ̀ mọ nǹkan tí wọ́n fi kùn ún tẹ́lẹ̀. Ibi yìí ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń kùnà, a kàn máa ń ra fáníìṣì tó bá wà ní kẹ̀ǹkáyẹrì, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́, ni. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mo máa ń wá ibi tí ojú ò tó, lẹ́yìn ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ etí tábìlì, mo kán spírítì kan síbẹ̀, alcool à brûler tí wọ́n ń tà yẹn, mo kà dé 20, mo fi ìka kàn án. Tó bá ti ń lẹ̀, gomme laque ni, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní shellac. Tí kò bá lẹ̀, mo kán tínà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tí ìyẹn bá lẹ̀, ìfín selulọ́ọ̀sì ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín sára mọ́tò láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1929. Tí méjèèjì ò bá rí i ṣe, fáníìṣì olóròóró ni tàbí polyurethane, ìyẹn ti gbẹ di òkúta, kò sí ohun tó máa yọ́ ọ mọ́ àfi kí wọ́n bó o. Ẹsẹ̀ tábìlì yẹn lẹ̀. Orí ẹ̀ lẹ̀. Dúrọ́ọ̀ méjèèjì kò mira rárá, ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti kun nǹkan ìgbàlódé lé e lórí, ẹni yẹn ì báà jẹ́ èmi nígbà tí mo kéré, ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ bú u.

Gomme laque yìí, kòkòrò ló ń ṣe é. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi igi mu ní Íńdíà àti Táílándì, nǹkan tó ń jáde lára ẹ̀ ló máa ń gan mọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n á ha á, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á wá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Mo sọ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi pé òun náà ló wà lára súìtì àti oògùn oníhóró tó ń dán, kò gbà gbọ́, láti ọjọ́ yẹn ó ti ń wo súìtì ẹ̀ dáadáa kó tó jù ú sẹ́nu. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú lára gomme laque ni pé kì í gbàgbé: ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kùn ún, tí spírítì bá kàn án ó máa ń yọ́ padà, ti àná àti ti òní á sì wọnú ara wọn, ẹ ò ní rí ojú àlẹ̀mọ́. Ìdí nìyẹn tí sódábì fi rí i bàjẹ́. Ìdí nìyẹn náà tó fi ṣeé tún ṣe láìfá a.

Funfun àti dúdú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ èèyàn. Òrùka funfun, inú kíkùn lomi há sí, kò tíì dé ara igi, ìyẹn ṣeé mú kúrò. Òrùka dúdú, omi ti gba inú kíkùn kọjá, ó ti débi igi, ó ti bá oje inú igi pàdé, irin sì wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló para pọ̀ di íńkì. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi pa á lórí, abẹ́ ló wà, ó ń wò yín.

Fún funfun, mo ká òwú bíi ẹyin àparò, mo fi aṣọ funfun tó ti gbó wé e, mo kán spírítì sí i, mo wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà títí tí bébà ò fi tutù mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni mo fi ń dán an wò, ó gbọ́dọ̀ kàn tutù díẹ̀ ni, kó má ṣe rin. Lẹ́yìn náà mo fi ń kọjá lórí ibi tó funfun, wẹ́rẹ́, bí ẹyẹ tó fẹ́ já ẹja gbà lójú ọ̀sà, ó fara kàn án, ó ti gbéra. Ẹ má dúró lójú kan. Tí ọwọ́ bá dúró pẹ́nrẹ́n báyìí, aṣọ á lẹ̀, á fa kíkùn sókè, ẹ ti fi ọgbẹ́ síbẹ̀ nìyẹn. Tó bá lọ dáadáa ẹ máa rí ibi tó tutù tó ń tẹ̀ lé òwú yẹn bí ìrù, tó sì ń gbẹ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Mo kọjá lẹ́ẹ̀kan, mo dúró. Mo kọjá lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ mu omi. Ní ìgbà kẹrin òrùka àkọ́kọ́ ti ń lọ, bí ìgbà tí èémí bá ń kúrò lójú dígí. Mi ò lè parọ́, bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó ṣì máa ń mú mi rẹ́rìn-ín nígbà tó bá lọ.

Ibi tí sódábì ti sùn mọ́jú, kíkùn ibẹ̀ ti tán, àfi kí n dá a padà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ìwà wèrè kan tí mo hù lórí ọ̀rọ̀ sódábì yìí. Ó ṣẹlẹ̀ ní Sunday kan láwọn ọdún tó ti kọjá, spírítì tán lọ́wọ́ mi, ilé ìtajà tì, mo bá ní ṣebí ọtí lọtí ń jẹ́, mo ra sódábì tó le jù lọ́wọ́ ìyá kan, mo da èèpo gomme laque sí i, mo mì ín. Ó dì wálewàle bí ẹ̀kọ tí kò jinná, ó funfun, ó rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò. Omi inú ẹ̀ ló pọ̀ jù, bó ti wù kí sódábì le tó, omi ṣì fẹ́ẹ̀ẹ́ kó ìdajì ẹ̀, gomme laque sì ń fẹ́ ọtí tí omi ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹ̀. Nítorí náà ó lágbára tó láti ba nǹkan jẹ́, kò lágbára tó láti tún un ṣe. Mo ní ìbátan tó rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá ń pè mí lójoojúmọ́ torí ọdún Bonfim, tí àwọn Àgùdà ń ṣe ní oṣù January, tí wọ́n á gbé egúngún Bùríyàn jáde, tí wọ́n á wá pé jọ jẹ feijoada, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n fi ẹran sè, wọ́n ní orí tábìlì yẹn ni wọ́n á ti jẹ ẹ́ dandan. Mo ní mà, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé. Wọ́n rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ẹ wò ó, tí ẹ bá kun gomme laque nígbà òjò níbi tiwa yìí, tí ọ̀sà wà níwájú, tí irà wà lẹ́yìn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wọ inú ẹ̀ kó tó gbẹ, gbogbo ẹ̀ á sì funfun rúúrúú bí ojú tó ní ẹ̀là. Ó ti ṣe mí rí ní oṣù kẹfà, lórí bùfẹ́ kan tó pupa dáadáa, mo kùn ún lálẹ́ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo dé láàárọ̀ mo rò pé ẹnìkan da èlùbọ́ sí i. Láti ìgbà náà, mo máa ń kùn láàárín aago 11 àárọ̀ sí aago 3, tí òjò bá sì ń ṣú, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ni. Ohun tí mo tún ń ṣe ni pé mo ń kọ ọjọ́ tí mo po ó sára ìgò. Gomme laque tí wọ́n ti yọ́ sínú spírítì máa ń darúgbó, tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà mi ò fọwọ́ kan án mọ́, ó lè kọ̀ kó má gbẹ, ẹ máa fọwọ́ kàn án lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kí ìlà ọwọ́ yín ṣì hàn lára ẹ̀.

Ọyẹ́ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì December. Mo ṣe é ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele méjì lójúmọ́, mo fi sáńpépà 600 pa ojú ẹ̀ wẹ́rẹ́ láàárín wọn, ó lé ní mẹ́wàá kí ibi tó jìn yẹn tó bá ara yòókù dọ́gba.

Òrùka dúdú yẹn ló mú mi lọ́wọ́ jù. Mo kọ́kọ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò torí pé gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, ó ṣí díẹ̀, ó tún dúró. Mo wá lo acide oxalique, ásíìdì tó ń yọ irú àbàwọ́n dúdú bẹ́ẹ̀, mo ní láti yọ kíkùn ojú ibẹ̀ kúrò kí ó lè débi igi, mo wọ gílọ́ọ̀fù, mo yọ́ ọ sínú omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún láàárín òrùka náà nìkan. Májèlé ni o, mo ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò nílé. Mo kùn ún ní àárọ̀, mo fi omi fọ̀ ọ́, mo tún kùn ún ní ọ̀sán, mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, mo sì fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀ kí n tó fi sáńpépà kàn án, torí eruku ẹ̀ tí èèyàn bá fà símú kì í ṣe nǹkan eré. Ó lọ. Àmọ́ ó kó àwọ̀ igi náà lọ, ibi tó dúdú wá di ibi tó pọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá dé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, osùn ni mo ń lò, mo ní ti ilẹ̀ wa ni, ó sì ń yọ́ nínú spírítì dáadáa, pupa ẹ̀ wuni. Mo fi tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣe fún tíṣà kan, kọ́bọ́ọ̀dù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó tó pé ọdún kan oòrùn ti fà á gbẹ, àmúlùmálà lẹ rí. Pàúdà tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ símẹ́ǹtì ni mo ń lò báyìí, pupa, yẹ́lò àti dúdú, ìpẹtà irin ni wọ́n, oòrùn ò rí wọn gbé ṣe. Mo máa ń pò ó mọ́ gomme laque lórí táìsì funfun, ní bíńtín bíńtín. Kí n tó pò ó mo máa ń fi spírítì nu ibi tí mo fẹ́ kùn, torí bí igi ṣe rí nígbà tó tutù yẹn náà ló máa rí lábẹ́ kíkùn, àwọ̀ gbígbẹ ń tan ni jẹ. Ó tún yẹ kí èèyàn bá àwọ̀ pàdé níbi tó ń gbé. Mo ti bá àwọ̀ mu rẹ́gí rí lábẹ́ gílóòbù ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e dénú ilé oníbàárà lọ́sàn-án, ó dà bí àpá iná lára èèyàn. Orí ìdúró tábìlì yẹn ni mo ti ṣe tìyá, fèrèsé ṣíṣí.

Mo tún kọ́ pé kí n dúró kó tó dúdú tó. Èyí tó pọ́n jù ṣì ṣeé fi kún, èyí tó dúdú jù, ẹ máa nu gbogbo ẹ̀ kúrò ni. Lẹ́yìn tí àwọ̀ ti fẹ́ẹ̀ẹ́ bára mu, òrùka yẹn ṣì hàn, mo wò ó títí kó tó yé mi: kò ní ìlà. Gbogbo ara igi tó kù ní ìlà tó ń ṣàn bí omi, ibẹ̀ nìkan ló rí pẹlẹbẹ. Mo gé búrọ́ọ̀ṣì ọmọ iléèwé kan títí ó fi ku irun mélòó kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà láti ẹ̀gbẹ́ kan òrùka dé òdìkejì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí ìlà igi náà kì í tọ́. Mo sún sẹ́yìn ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ti sọnù. Mo pe ìyá, mo ní ẹ bá mi wá òrùka dúdú yẹn, wọ́n fọwọ́ wá a kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ibi tí nǹkan ti lù tó sì jìn wọnú, aṣọ tútù àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná máa ń gbé e sókè tí igi ò bá tíì ya, àmọ́ ooru yẹn náà á sọ kíkùn di funfun, ẹ máa padà sí òwú àti spírítì. Dúrọ́ọ̀ méjèèjì, mi ò bó wọn. Mo yọ́ ìda oyin, mo po pàúdà mọ́ ọn, mo fi dí ibi tó ha, mo nù ún. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìyá tún ti ń fín nǹkan tó ń mú tábìlì dán sí wọn lára láti ọjọ́ pípẹ́, sílíkóònù wà nínú ẹ̀, tí èèyàn bá kun fáníìṣì lé irú ẹ̀ lórí á máa ṣí kòtò kòtò bí ojú ẹja. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ìkan tí mi ò gbọ́dọ̀ fò ni ti àkísà. Kì í ṣe orí tábìlì yìí ló ti ṣẹlẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo fi huile de lin, òróró tó ń gbẹ yẹn, pa àga mẹ́fà lára, mo fi àkísà nù wọ́n, mo ká àkísà náà jọ mo jù ú sínú páálí tí igi fífá wà, mo lọ kí Jímọ̀. Mi ò tan iná. Mi ò mu sìgá. Ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù ló rí i tí èéfín ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, òun àti ọmọ ẹ̀ já kọ́kọ́rọ́, wọ́n da omi ìfọṣọ sí i. Nígbà tí mo dé, páálí ti jóná dé ìdajì, ẹsẹ̀ àga kan ti dúdú. Wọ́n ní ta ló ń bá mi jà. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jà. Òróró yẹn tó bá ń gbẹ, ó ń bá afẹ́fẹ́ ṣe nǹkan tó ń mú ooru jáde, tó bá tẹ́ sílẹ̀ ooru á lọ, tó bá ká jọ ooru á há sínú, á máa gbóná lọ títí á fi gbaná. Báyìí mo máa ń sá wọn sórí okùn níta lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí n rì wọ́n sínú omi. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó bá gbàgbé, òun ló máa gbálẹ̀ fún oṣù kan.

Mo parí tábìlì ìyá nígbà tí ọdún Bonfim ku ọjọ́ márùn-ún. Mo fi ìda ra á gbẹ̀yìn, mo fi aṣọ òwú fà á. Kò dán bíi ti tuntun, mo sì dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀, àmì ọ̀bẹ méjì kan wà níbẹ̀ tí ìyá ní kí n má fọwọ́ kàn, wọ́n ní àwọn mọ ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀. Mo ṣàlàyé dáadáa: ẹ má gbé nǹkan gbígbóná lé e, ẹ má gbé ọtí lé e láìsí nǹkan lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi aṣọ òwú bò ó. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní kí n wá jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo lọ. Ìlù ń dún níta, ilé kún. Bí mo ṣe wọ pálọ̀, ìyá fà mí lọ́wọ́ láàárín èrò, inú wọn dùn gan-an, wọ́n ní "Wá wo bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀, kò sí sódábì tó máa kàn án mọ́ láé." Wọ́n ti lọ ra rọ́bà tuntun ní Ouando. Olódòdó. Nípọn.